Bi Ẹlẹ́rù Léèrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: a sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Ìwọ ọ̀dọ́ òǹkàwé, ó ṣeé ṣe kí òwe yìí ti pa ọ́ lẹ́rìn-ín rí. Ṣùgbọ́n ṣe àkíyèsí pé àwọn tí ó bá amúkùn-ún wí kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọn kò fẹ́ kí ẹrù rẹ̀ ṣubú. Àṣìṣe wọn kan ṣoṣo ni pé wọ́n sọ fún un kí wọ́n tó bi í léèrè. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ inú rere nìkan tó láti fi ran ẹni tí ara rẹ̀ kò rí bí tiwa lọ́wọ́?

Ní 1809 ni a bí Louis Braille ní abúlé Coupvray ní ilẹ̀ Faransé. Gàárì àti ìjánu ẹṣin ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí Louis di ọmọ ọdún 3, ó mú irin ṣóńṣó tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ, ó ń fi í ṣeré, irin náà sì gún un lójú. Àrùn ojú náà ràn dé èkejì, ọmọ náà sì fọ́jú pátápátá. Ní 1819, wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwé àwọn afọ́jú tí Valentin Haüy dá sílẹ̀ ní Párís ní 1785.

Ènìyàn rere ni Haüy. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé afọ́jú kò wúlò ju kí ó máa ṣagbe lọ, òun ni ó fi hàn wọ́n pé afọ́jú lè kàwé. Ó mú kí a tẹ lẹ́tà ńláńlá tí ó yọ sókè lára ìwé, kí àwọn ọmọ lè máa fi ìka tọ ipa wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a dá fún ojú ni. Ó máa ń pẹ́ kí ìka tó mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, àwọn ọmọ náà kò sì lè fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, wọn kò lè fèsì.

Ní 1821, ilé-ìwé náà gbọ́ nípa ìlànà mìíràn tí Charles Barbier, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ogun rí, hùmọ̀. Irin ṣóńṣó ni a fi ń tẹ àmì kéékèèké sára ìwé, kí wọ́n lè yọ sókè ní ẹ̀yìn rẹ̀; wọ́n sì lè tó 12 fún ìró kan. Louis fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìka rẹ̀ ni ó sọ fún un pé 12 ti pọ̀ jù, nítorí orí ìka kan kò lè bò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dín wọn kù sí 6, láti inú 6 yìí ni ó sì ti rí ọ̀nà 63 tí a lè gbà tò wọ́n. Ní 1824, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, iṣẹ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìwọ yóò rò pé gbogbo ènìyàn ni ó yọ̀. Rárá o. Lẹ́yìn 1840, àwọn aláṣẹ ilé-ìwé náà fòfin de àmì yìí fún ìgbà kan. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀: wọ́n ní bí afọ́jú bá ní ìwé tirẹ̀ tí ẹni tí ó ríran kò lè kà, ògiri ni yóò dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ wo ni ó wà nínú kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀, kí èkejì má lè dá a lóhùn? Àwọn ọmọ náà ń kọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fi kọ́ ara wọn. Louis kú ní 1852. Ní 1854 ni ilẹ̀ Faransé fi àṣẹ sí ìlànà rẹ̀. Lónìí, a ń fi í kọ èdè púpọ̀ káàkiri ayé, títí kan Yorùbá.

Mọ̀ nínú èyí pé ọwọ́ pẹ̀lú ní ọgbọ́n tirẹ̀. Amọ̀kòkò kò ka bí amọ̀ ti rọ̀ tó nínú ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń sọ fún un. Nítorí náà, má ṣe fojú tín-ín-rín ẹ̀kọ́ tí a ń fi ọwọ́ kọ́ ní ilé-ìwé rẹ.

Mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ ní ìmọ̀ tí ìwọ kò ní. Àwọn baba wa pe abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, nítorí wọ́n gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí a ń bu fún ènìyàn láti òkèèrè kò tíì di ìbéèrè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú kíláàsì rẹ bá ń fi ọ̀pá rìn, má ṣe já àpò rẹ̀ gbà, má sì ṣe fà á lọ́wọ́ lójijì. Bi í pé, “Báwo ni o ṣe fẹ́ kí n ràn ọ́ lọ́wọ́?” Bí ó bá ní òun kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́, gbà bẹ́ẹ̀, má ṣe bínú. Lẹ́yìn náà, jókòó tì í, kí o sì kọ́ ohun tí ó mọ̀.

Amúkùn-ún mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀. Bi í léèrè, kí o tó fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀.