Ràn Án Lọ́wọ́, Má Gé Ọwọ́ Rẹ Fún Un

Ní ọdún 1888, ìbọn ọdẹ ṣèèṣì yìn ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ọta rẹ̀ sì gba ọwọ́ ọmọbìnrin ọ̀gágun kan kọjá. Ọwọ́ ọ̀tún ni, èyí tó fi ń ya àwòrán. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ọgbẹ́ náà jinná, àmọ́ ọwọ́ kò ṣe bí ọwọ́ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Ó fi agídí àti sùúrù kọ́ ọ títí ó fi tún lè di búrọ́ọ̀ṣì mú, tó sì ń yàwòrán bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ìbọn kò rí ọwọ́ náà dá dúró. Síbẹ̀, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, odindi ọdún mẹ́wàá sì kọjá kó tó padà gbé e. Marianne von Werefkin ni orúkọ obìnrin náà. Ohun tó mú un gbé e sílẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Ìlú Tula ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1860. Ìdílé ọlọ́lá ni ìdílé wọn. Bàbá rẹ̀ di ipò gíga mú nínú iṣẹ́ ológun, ìgbà tó yá ni wọ́n sì fi í ṣe olórí odi Peter àti Paul ní St. Petersburg, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ọba Rọ́ṣíà sí. Ayàwòrán ni ìyá rẹ̀, nítorí náà ọmọ náà bá ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì nílé ni. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àwọn òbí rẹ̀ wá olùkọ́ fún un. Ní ọdún 1880, ó di ọmọ ẹ̀kọ́ Ilya Repin, ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán tó lókìkí jù ní Rọ́ṣíà láyé ìgbà náà. Bí Marianne ṣe mọ ojú ènìyàn yà, tó sì mọ bí a ti í fi òkùnkùn gbé ìmọ́lẹ̀ yọ, ló mú kí wọ́n máa pè é ní Rembrandt ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Rembrandt yìí, ọ̀gá ni láàárín àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Holland. Oyè kékeré kọ́ ni wọ́n fi dá obìnrin yìí lọ́lá.

Nǹkan bí ọdún 1892 ni ó pàdé Alexej von Jawlensky. Sọ́jà ni Jawlensky, kò lówó lọ́wọ́, ọdún mẹ́rin ni Marianne sì fi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ àwòrán kò jẹ́ kí ọkùnrin náà sùn. Marianne gbà á mọ́ra, ó ń kọ́ ọ, ó ń fi í han àwọn tó yẹ kó mọ̀. Nígbà tí bàbá Marianne kú ní ọdún 1896, ìjọba ọba bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọdọọdún fún un gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀gágun. Owó náà pọ̀ tó láti gbọ́ bùkátà ilé ńlá, bó bá sì lọ sílé ọkọ, owó ọ̀hún yóò dá. Bí àwọn méjèèjì ṣe kó lọ sí ìlú Munich ní Jámánì nìyẹn láìṣe ìgbéyàwó. Wọ́n mú ọmọbìnrin kékeré kan dání gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Helene Nesnakomoff ni ó ń jẹ́.

Munich ni Marianne ti gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ipá mú un. Ohun tó gbà lọ́kàn ni pé ọwọ́ ọkùnrin ni ayé yóò kà sí, àti pé bí òun bá ti Jawlensky lẹ́yìn, ohun tí òun ń rí lọ́kàn yóò gba ọwọ́ ọkùnrin náà jáde. Kí a tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká rántí irú ayé tó wà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Munich kò gba obìnrin wọlé títí di ọdún 1920. Bí ayé bá ń pariwo sí ọ létí lójoojúmọ́ pé ọwọ́ rẹ kò tó, ó lè di ọjọ́ kan kí ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ó wá fi ara jìn fún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun, owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń rìnrìn àjò, owó rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń ra ọ̀dà. Pálọ̀ rẹ̀ ní òpópónà Giselastrasse di ibi tí àwọn ayàwòrán, oníjó àti òǹkọ̀wé ń péjọ sí. Bó bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ àti ohun tí àwọ̀ ń ṣe sí ọkàn ènìyàn, gbogbo wọn á tẹ́tí. Láti ọdún 1901 sí 1905, ó ń kọ ìwé kan ní èdè Faransé, ó sì kọ ọ́ bíi lẹ́tà sí ẹnì kan tí a kò mọ̀. Ohun tí kò kùn sórí kánfáàsì ló ń tú sínú ìwé yẹn. Ẹ̀bùn kì í kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, á máa kanlẹ̀kùn.

Ní ọdún 1902, Helene bí ọmọkùnrin kan. Jawlensky ló ni ọmọ náà. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò fẹ́ pe Helene ní olè ọkọ. Rárá o. Ọmọdé ni wọ́n mú un wá, ọmọ ọlọ́mọ tí àwọn àgbà méjì gbà sábẹ́ òrùlé wọn, ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún nígbà tó di ìyá. Ẹni tó yẹ kó dáàbò bò ó ló ṣe é lọ́ṣẹ́. Lójú tèmi, Marianne ní tirẹ̀ gbájú mọ́ ògo tó fẹ́ fi lé ọkùnrin yìí lórí débi pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀ kọjá lójú rẹ̀. Bí a bá sọ ènìyàn di òrìṣà, a kì í bi í léèrè ọ̀rọ̀ mọ́.

Ọdún 1906 ni ó padà gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa. Ó fi irú àwòrán tó ń yà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ó wá ń fi àwọ̀ tó ń jó bí iná ṣiṣẹ́: òkè aláwọ̀ búlúù, ojú ọ̀run pupa, àwọn obìnrin aláṣọ dúdú tó ń rìn lọ lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1908, òun àti Jawlensky pẹ̀lú àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ wọn, Wassily Kandinsky àti Gabriele Münter, jọ ṣiṣẹ́ ní ìlú kékeré Murnau. Ní ọdún kejì, wọ́n dá ẹgbẹ́ ayàwòrán tuntun sílẹ̀ ní Munich. Àwòrán ara rẹ̀ tó yà ní nǹkan bí ọdún 1910 ṣì wà ní ilé àkójọ Lenbachhaus ní Munich. Ojú pupa ló fi ń wo ènìyàn níbẹ̀, bí ẹni tó jí lójú oorun tó pẹ́ jù.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Jámánì àti Rọ́ṣíà ní ọdún 1914. Ọmọ Rọ́ṣíà kò lè gbé ní Jámánì mọ́, wọ́n sá lọ sí Switzerland. Ìjọba ọba Rọ́ṣíà wó ní ọdún 1917, owó ọdọọdún náà sì dá. Ní ọdún 1921, Jawlensky lọ sí Wiesbaden ní Jámánì. Ní ọdún kejì, ó gbé Helene níyàwó níbẹ̀. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí Marianne ti mọ Jawlensky. Igi tó fẹ̀yìn tì yẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí kò sí kọ́bọ̀ lápò.

Kí ló kù? Ọwọ́ tí ọta ìbọn gbà kọjá náà ló kù. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ní ìlú Ascona ní Switzerland, ó fi ọwọ́ yẹn ya pósítà àti káàdì tà, ó tún ń tajà oògùn kí ó lè rí oúnjẹ jẹ. Kò jókòó sunkún. Ó wà lára àwọn tó dá ilé àkójọ àwòrán sílẹ̀ ní Ascona ní ọdún 1922, ó sì bá wọn dá ẹgbẹ́ ayàwòrán kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1924. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ìyá àgbà ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ló ti ń yàwòrán títí ọlọ́jọ́ fi dé ní February 1938.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe pé kí a má ran ara wa lọ́wọ́ ni mo ń wí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọwọ́ tí a ti gé kò sí nínú àgbájọ. Obìnrin tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí ọkọ lè kàwé, kó mú ọjọ́ tí yóò ra òmíràn. Ọkùnrin tó pa iṣẹ́ tì kí àbúrò lè gòkè, kó má jẹ́ kí irinṣẹ́ rẹ̀ dípẹtà. Ẹni tí a sì ń ràn lọ́wọ́, kó bojú wẹ̀yìn kó bi olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pé, ìwọ ńkọ́, tìrẹ dà?

Àwòrán Marianne pọ̀ ní ilé àkójọ Ascona, àwọn ènìyàn sì ń lọ wò wọ́n títí di òní. Àwọn tí ì bá yà láàárín ọdún 1896 sí 1906 kò sí níbẹ̀. Kò sí ibi tí ènìyàn lè lọ wò wọ́n.