Ẹni Tó Ní Òun Ti Rí I

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí. Èmi náà mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ó lọ́jọ́ kan tí ojú mi tàn mí jẹ, tí ẹnu mi sì fi ẹ̀tàn náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Owódé, ní Ọ̀yọ́, mò ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú títì kan ṣoṣo ni àlọ àti àbọ̀ jọ ń pín nígbà náà. Iwájú ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Kò pẹ́ tí a kọjá Odò Ọbà tí a fi kó sẹ́yìn lọ́rì kan tó ru igi, tó ń rìn bí ìgbín. Ara dírẹ́bà ò balẹ̀ mọ́. Ọ̀nà ṣẹ́ kọ́nà sápá ọ̀tún níwájú wa, èmi tí mo wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni mo sì lè rí iwájú ju òun lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé ó mọ́?"

Mo yọrí. Mo rí káà kan tó kọjá, n kò rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Ó mọ́, máa lọ."

Kò mọ́. Tírélà ló yọ sí wa gbàǹgbà. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Dírẹ́bà já wọ inú igbó. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n apá ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta èlùbọ́ kán. Gbogbo èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bú dírẹ́bà. Dírẹ́bà wojú mi, kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo bá ìyá náà kó ẹrù rẹ̀ jọ, ó ṣàdúrà fún mi, ó ní, "Ọmọ mi, o ò ní í rí ibi." Àdúrà yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, ṣé mo jẹ̀bi? N kò purọ́. Ohun tí mo rò pé mo rí ni mo sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí tún jí lọ́kàn mi nígbà tí mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Washington, ní Amẹ́ríkà, lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fò lójú ọ̀run. Nínú èkíní, awakọ̀ a máa tẹ̀ lé àwọn ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ a sì máa darí rẹ̀. Èkejì ni ti ojú: kí o rí ẹni tó ń bọ̀, kí o sì yà fún un. Èyí ni àwọn bàlúù kéékèèké àti hẹlikópítà sábà máa ń lò, ó sì dára níbi tí òfuurufú bá ti gbòòrò. Lókè ìlú ńlá ni wàhálà wà, níbi tí bàlúù kan ti ń balẹ̀ tí òmíràn sì ń gbéra.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, hẹlikópítà àwọn sójà ń gba orí odò Potomac kọjá lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfuurufú Reagan. Òṣìṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀ sọ fún wọn pé bàlúù kan ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí i, kí ó jẹ́ kí àwọn fi ojú ara àwọn yà fún un. Ó gbà. Ó tún bi wọ́n, wọ́n tún ní àwọn rí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ méjèèjì kọlu ara wọn. Èèyàn 64 ló wà nínú bàlúù, 3 ló wà nínú hẹlikópítà. Gbogbo wọn, 67, ló kú.

Èmi gbà pé àwọn sójà náà ò purọ́. Ta ló máa purọ́ irú ẹ̀ sí ẹ̀mí ara rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣe. Kí wọ́n tó sọ ọ́, orí òṣìṣẹ́ ilẹ̀ ni ẹrù wà. Bí wọ́n ti ní àwọn rí i báyìí, ẹrù bọ́ sórí tiwọn. "Mo ti rí i" kì í ṣe ìròyìn lásán. Ẹrù ni ẹni tó sọ ọ́ fi orí ara rẹ̀ gbà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bi mi wà. Kì í ṣe pé n kò rí tírélà, nítorí ojú èèyàn kì í ṣe ojú Ọlọ́run. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò rí ọkọ̀; ohun tí mo sọ ni pé kò sí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jìnnà síra wọn bí ọ̀run ti jìnnà sílẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ọ̀nà ló burú, kì í ṣe ìwọ." Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn tó wádìí ọ̀ràn Washington rí i pé ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún hẹlikópítà lè sún mọ́ ọ̀nà bàlúù tó ń balẹ̀ títí tí àyè àárín wọn kò fi ní í ju ẹsẹ̀ bàtà 75 lọ. Láti oṣù Kẹwàá 2021 sí oṣù Kejìlá 2024, ìgbà 85 ni hẹlikópítà àti bàlúù ti sún mọ́ra jù níbẹ̀. Ìkìlọ̀ wà nínú ìwé, ọ̀nà náà sì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó la ọ̀nà tóóró jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í ṣe iṣu, tí a bù fún ẹnìkan kí ti ẹnìkejì lè dín kù. Tiwọn kò dín tèmi.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó kàn wá nílé. Lóru ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2024, hẹlikópítà tó gbé Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà Access Holdings, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, já ní aginjù California. Èèyàn 6 ló bá a lọ. Ìwádìí fi hàn pé ojú ni wọ́n fi ń fò, wọ́n sì ń fò nìṣó nígbà tí ojú ọjọ́ ti bàjẹ́. Òfin ojú ní gbólóhùn kan tó ju "mo ti rí i" lọ, òun ni "n kò ríran mọ́, mo ń padà." Ó ṣòroó sọ. Ojú a máa ti ni. Èmi tí mo jókòó síwájú bọ́ọ̀sì, mo fẹ́ kí dírẹ́bà mọ̀ pé mo wúlò, ni mo ṣe yára dáhùn.

Nísinsìnyí, bí dírẹ́bà bá bi mí, mo máa ń sọ pé, "Àbúrò, n ò rí i dáadáa. Máa tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́." Èrò ẹ̀yìn a máa kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tiẹ̀ sọ títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́ pé ojo ni mí. Mo gbà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ohun tó rí kò bá dá a lójú, ihò ló ń sá wọ̀.