Bónọ́ọ̀sì Kásínò Nínú Òṣùwọ̀n Ọmọlúàbí

Ọmọlúàbí kì í gba ẹ̀bùn láìwádìí ohun tí wọ́n so mọ́ ọn, kì í sì í fúnni ní ẹ̀bùn tó mọ̀ pé kò ní dé ọwọ́ ẹni tí òun fún. Òṣùwọ̀n méjèèjì yìí ló yẹ ká fi wọn bónọ́ọ̀sì tí àwọn kásínò orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń pe èrò. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe lè ta tẹ́tẹ́ láìfarapa ni kì í bá ẹlòmíì wí ju ẹni tó ń ta á, bí ẹni pé ìwà olùfúnni kò kàn wá. Lọ́jà wa, bí ìyá onígààrí bá wọn kóńgò kan tán tó bu ènì lé e, ènì ti di ti oníbàárà nìyẹn. Kò ní ní kó kọ́kọ́ ra ogójì kóńgò sí i kó tó gbé e lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kásínò fún ẹnì kan ní bónọ́ọ̀sì 10,000 náírà, àdéhùn sì ni pé yóò fi ìlọ́po 40 owó náà ta tẹ́tẹ́ kó tó lè gba kọ́bọ̀ jáde nínú rẹ̀. 400,000 náírà nìyẹn. Bí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tó yàn bá jẹ́ irú èyí tó ń dá 96 padà nínú 100 náírà, irú rẹ̀ sì wọ́pọ̀, 4 náírà ló ń kù sọ́wọ́ kásínò lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Lórí 400,000, ó di 16,000. Ohun tó máa lọ ti fi 6,000 ju ẹ̀bùn lọ. Àní ní ìlọ́po 25, ẹ̀bùn náà ti tán. Mi ò jiyàn pé àwọn kan máa jẹ, torí ìpíndọ́gba ni ìṣirò yìí. Àmọ́ ẹni tó kọ àdéhùn náà mọ ìpíndọ́gba ọ̀hún dáadáa, orí rẹ̀ ló gbé òwò lé. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tí òun ń pè kò ní rí owó yẹn gbà, ó ṣì ń pè é ní ẹ̀bùn. Èké nìyẹn, bó ti wù kí wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tó.

Wọ́n á ní àdéhùn wà lákọsílẹ̀, ẹni tí kò kà á ló jẹ̀bi. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ iye ẹ̀bùn, tó wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ àdéhùn sísàlẹ̀, ti fi ohun tó fẹ́ ká rí hàn. Ibi tí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé ojúkòkòrò ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ló ń jẹ́ kí ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Ìkóra-ẹni-níjàánu níbí ni kó béèrè kó tó tẹ fóònù: ìlọ́po mélòó ni? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún mi? Eré wo ni wọ́n ń kà mọ́ ọn? Ṣé wọ́n fi gbèdéke sí iye tí mo lè gbà? Kó ti pinnu iye tó lè lọ láìpa ilé lára, kó má sì fi òmíràn lé èyí tó bá ti lọ. Ẹni tó ti mọ̀ pé òun kò lè dáwọ́ dúró kò gbọdọ̀ gba bónọ́ọ̀sì kankan, bó ti wù kó dùn tó.

Àwọn àgbà kan á ní ọmọlúàbí kì í ta tẹ́tẹ́ rárá. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́ síbẹ̀, ìpolówó nìkan ló máa kọ́ àwọn ọmọ wa tó ti ń ta á.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ Gambling Commission kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìwà nìkan: láti 19 oṣù Kìíní 2026, ilé iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ wọn kò gbọdọ̀ béèrè ju ìlọ́po 10 lọ. Nínú ìṣirò wa, 4,000 ló máa lọ, 6,000 á kù fún ẹni tí wọ́n fún. Ní Nàìjíríà, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dájọ́ ní 22 oṣù Kọkànlá 2024 pé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí tẹ́tẹ́ wà. Ẹ̀yin aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹ fi gbèdéke sí ìlọ́po yìí. Ìwọ tó ń ka èyí, kí wọ́n tó ṣe é, bónọ́ọ̀sì tó bá ju ìlọ́po 10 lọ, má gbà á.