Ǹjẹ́ Ìfẹ́ Ni Kí A Fi Àìsàn Ọmọ Pamọ́ Fún Un?

Ẹ̀yin ará, bí ọmọ bá kó kòkòrò HIV láti inú oyún, tó ń lo oògùn lójoojúmọ́, ṣé ìfẹ́ ni kí òbí máa pè é ní oògùn ibà? Ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọdé kì í pa àṣírí mọ́.

Àmọ́ ọmọ tí kò mọ ìdí oògùn lè dà á nù bó bá bàlágà, bẹ́ẹ̀ òun ló dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ní 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí a sọ fún ọmọ tó ti tó ilé-ìwé lọ. Èyí tó kéré, kí a máa là á yé e díẹ̀díẹ̀.

Ní 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti kéde ní gbangba pé àrùn éèdì ló pa Fẹlá, àbúrò rẹ̀. Kò ba ilé wọn jẹ́.

Kí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ayé, ọgbọ́n ni. Kí a fi pamọ́ fún ẹni tó ni ara, ìrẹ́jẹ ni. Àwa tí ń sọ ẹni lẹ́yìn, àwa la kọ́ òbí ní ìpamọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa, kí òbí lè la tirẹ̀. Àmín.