Ṣé Ojú Náà Ń Bù Nínú Àbùùbùtán?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ orúkọ yìí wò ná: àbùùbùtán. Bí a bá tú u, ohun tí à ń bù, tí à ń bù, tí kò tán. Ẹran ni ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ rí. Òkun gbé òkú rẹ̀ jù sí etíkun, ará ìlú yọ ọ̀bẹ, wọ́n gé e títí, ó ṣì kù. Ṣùgbọ́n ó máa ń tán o! Láàárín 1900 sí 1999, àwọn ọlọ́dẹ òkun pa ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2.9. Nígbà tí àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè fi máa dá ọdẹ òwò náà dúró ní 1986, oríṣi mélòó kan ti kù díẹ̀ kó pa run.

Lónìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ ọ̀kọ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé kámẹ́rà. Wọ́n ń sanwó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wò ó. Ní Kaikōura, ní New Zealand, àwọn ọmọ Māori bẹ̀rẹ̀ òwò yìí ní 1987, ó sì di oúnjẹ fún wọn. Ó dára ju pípa lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, ẹni tó kàn ń wò, ṣé kò mú nǹkan kan lára ohun tó ń wò?

Ẹ wo omi tó wà láàárín ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà àti British Columbia ní Kánádà. Agbo orca kan ń gbé ibẹ̀, ẹran òkun dúdú-funfun; wọn ò pé 80 mọ́. Ẹja Chinook ni oúnjẹ wọn, ó sì ti wọ́n. Ohùn ni wọ́n fi ń wá a: wọ́n á rán ohùn jáde, ohùn á lu ẹja, á padà wá bá wọn létí. Ẹ wá fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mẹ́wàá sí i. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé bí ọkọ̀ bá sún mọ́ wọn, àwọn abo a máa dáwọ́ ọdẹ dúró. Abo tó sì ń fọ́mọ lọ́yàn ńkọ́? Ká ní ẹ wà ní búkà, ebi ń pa yín, àwọn èèyàn wá yí yín ká, wọ́n ń ya yín ní fọ́tò, wọ́n ń pariwo débi pé olóúnjẹ ò gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Wọn ò fọwọ́ kàn yín, àbí?

Ẹnìkan á ní, "Bí a ò bá rí i, báwo la ṣe máa fẹ́ràn rẹ̀?" Òótọ́ ni. Ní 1976, Ralph Munro, tó ń bá gómìnà Washington ṣiṣẹ́, wà nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ nígbà tó rí àwọn tó ń fi ohun abúgbàmù lé orca sínú àwọ̀n, kí wọ́n lè kó wọn lọ fún àwọn tó ń fi ẹran omi ṣe ìran wò. Ohun tójú rẹ̀ rí dé kóòtù, kíkó orca sì dópin ní Washington. Ojú rẹ̀ ló gbà wọ́n. Àmọ́ kò wo ìran náà kó padà sílé lọ jẹun. Ohun tó rí di gbèsè sí i lọ́rùn.

Láti oṣù kìíní 2025, òfin Washington ní kí ọkọ̀ jìnnà sí agbo orca yẹn ní yáàdì 1000. Iyẹn ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́jọ tí a tò tẹ̀léra lọ. Láti ibẹ̀, ẹ̀yìn dúdú kékeré lẹ máa rí, bóyá èémí tó tú sókè. Ẹni tó sanwó lè bínú pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní èèyàn gbé òkèèrè níyì. Àwa máa ń fi bú èèyàn ni, pé bí a bá sún mọ́ ọn, àbùkù rẹ̀ á hàn. Níbi ọ̀rọ̀ yìí, àwa olùwòran la ní àbùkù. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹranko yìí ní tòótọ́, kó gbà kó kéré lójú òun, kó lè jẹun yó.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán ni. Irú àbùùbùtán tí wọ́n ń pè ní humpback a máa wá bímọ sí òkun Benin àti Togo, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ dé oṣù kọkànlá. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ wá, ẹ jẹ́ ká háyà ọkọ̀ lọ wò ó, ẹ kọ́kọ́ bi í: ibo la máa dúró sí?