Ẹnìkejì Rẹ Dà?

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Oníwàásù 4:9–12, Hébérù 12:1–2

  

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, eré ìje ni ó fi ṣe àkàwé ìgbésí ayé onígbàgbọ́, nítorí pé ìtòsí ìlú wọn ni wọ́n ti ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Lónìí, eré ìje kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe àkàwé fún wa. Kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn lórí ọ̀dà, bí kò ṣe ti èyí tí wọ́n ń gùn gba orí òkè, inú igbó, òkúta àti ẹrẹ̀. Àwa tí a ń gbé ní Ìwòyè-Kétu, tí a mọ bí ilẹ̀ pupa ṣe máa ń rí bí òjò bá ti rọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni bàbá wa fi kẹ̀kẹ́ ru iṣu wálé láti oko lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè South Africa, láti ọdún 2004, wọ́n ń ṣe eré ìje kan tí wọ́n ń pè ní Cape Epic. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́ náà, ọ̀nà rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bí 600 sí 700 kìlómítà. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù ni àwọn tó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú eré náà ni pé ẹnikẹ́ni kì í dá a ṣe. Méjì méjì ni wọ́n ń lọ. Òfin rẹ̀ sì ni pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ jìnnà sí ara wọn ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí ọ̀kan bá sáré fi èkejì sílẹ̀, ìyà ń bẹ fún àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá sì dé òpin, ìgbà tí ẹni ẹ̀yìn bá dé ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí kọ́ níbẹ̀.

1. Ìmúra ìkọ̀kọ̀

Ẹni tó fẹ́ gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dìde ní ọ̀sẹ̀ eré. Ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa gùn ún jẹ́jẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí èémí rẹ̀ lè gbòòrò, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè mọ ìfaradà. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára gun òkè. Nígbà tí ọjọ́ bá kù díẹ̀, yóò dín iṣẹ́ kù, yóò sinmi, kí ara lè padà bọ̀ sípò. Bí ó bá ní iṣẹ́ oṣù, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti jáde. Kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un ní agogo márùn-ún ìdájí.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, bẹ́ẹ̀ náà ni àdúrà ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí kò kọ́ láti kúnlẹ̀ nígbà tí ara dẹ̀ ẹ́, yóò ṣòro fún un láti rí ọ̀rọ̀ sọ ní ọjọ́ tí ọmọ bá ń gbóná lóru. Kí a sì rántí pé Olúwa wa fúnra rẹ̀ pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n wá sinmi díẹ̀ (Máàkù 6:31). Ìyá tí kì í sinmi, ara rẹ̀ yóò fi ipá sinmi fún un.

2. Ibi tí ojú ń wò

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lórí òkúta ni pé kó má ṣe tẹjú mọ́ òkúta. Ibi tí ojú bá wà ni táyà ń lọ. Bí o bá ń wo òkúta, orí òkúta ni wàá ṣubú sí. Bí o bá ń wo àlàfo tí o fẹ́ gbà kọjá, kẹ̀kẹ́ yóò tẹ̀lé ojú rẹ. Èyí ni ẹni tó kọ Ìwé Hébérù ń sọ fún wa nígbà tó ní kí a máa wo Jésù bí a ti ń sáré. Kò sọ pé kò sí òkúta.

Òkúta sì wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti bọ́dà, kò sì ṣí díẹ̀ nínú rẹ̀ títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 yẹn kan náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gbé epo bẹntiróòlù wá sí ilé epo tó bá wà láàrin 20 kìlómítà sí bọ́dà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ní ìhín àti ní ọ̀hún mọ ohun tí ìyẹn sọ owó yín dà. Àwọn kan nínú wa kò tíì bọ́ nínú gbèsè ìgbà náà. Mi ò ní kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ojú wa má ṣe dúró síbẹ̀.

3. Ẹnìkejì wa

Ní ọdún 2023, Kimberley Le Court ọmọ Mauritius àti Vera Looser ọmọ Namibia ni wọ́n gba ipò kìíní láàrin àwọn obìnrin ní Cape Epic. Ní ọdún 2025, Le Court yìí kan náà ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ti aṣáájú nínú eré Tour de France ti àwọn obìnrin. Kí ó tó dé ibẹ̀ nìkan, ó ti bá ẹlòmíràn rìn lórí òkè.

Ẹ tún gbọ́ ti ọmọ orílẹ̀-èdè wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ní eré Òlíńpíìkì ní Paris, Ese Ukpeseraye rí àyè wọ eré kẹ̀kẹ́ ti inú pápá, ṣùgbọ́n kò ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Àwọn ará Jámánì, tí wọ́n wá díje níbẹ̀ bíi tirẹ̀, ni wọ́n yá a ní kẹ̀kẹ́. Kò gba àmì ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ó gun kẹ̀kẹ́ náà. Bí abánidíje bá lè ṣe èyí, kí ni ó yẹ kí ọmọ ìyá ṣe nínú Kristi?

Mo fẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ wa báyìí. Arábìnrin kan wà tí kò wá sí ìpàdé mọ́. A ní ó ti tutù nínú ìgbàgbọ́. Ó lè jẹ́ owó aṣọ ẹgbẹ́ ni kò rí. Ó lè jẹ́ pé a ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó jẹ owó ìdá lójú gbogbo ènìyàn, ìtìjú kò sì jẹ́ kó padà wá. A ti sáré kọjá ìṣẹ́jú méjì, a kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ìyá, bí a kò bá gba owó, báwo ni iṣẹ́ Ọlọ́run yóò ṣe lọ?” Ìbéèrè rere ni. Ní 15 oṣù kejì ọdún 1742, ní ìlú Bristol, irú ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn ará wa àkọ́kọ́ ń bá John Wesley rò, nítorí pé gbèsè wà lórí ilé ìjọsìn. Wọ́n dá a lábàá kí olúkúlùkù máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀. Ẹnìkan ní àwọn tálákà kò lè ṣe é. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Foy dáhùn pé kí wọ́n fi mọ́kànlá nínú àwọn tó tálákà jù sí abẹ́ òun. Òun yóò máa lọ bẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí kò bá sì ní, òun yóò san án fún un. Bí àwọn olórí ti ń lọ láti ilé dé ilé nítorí owó, wọ́n rí aláìsàn, wọ́n rí ẹni tó wà nínú ìjà, wọ́n rí ẹni tó ti ṣubú. Láti ibẹ̀ ni kíláàsì wa ti bẹ̀rẹ̀. Owó ìdá ló gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ìfẹ́ ló gbé wọn wọlé. Nígbà tó sì di 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, tí T. B. Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, òun nìkan kọ́ ló wá. William de Graft wà pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí kíláàsì, ẹ má ṣe ka orúkọ ajẹgbèsè lójú àwùjọ mọ́. Ẹ lọ bá a nílé. Ẹni tó bá ní, kó san fún ẹni tí kò ní, kó má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ tó rẹ̀ náà, ní ipa tìrẹ. Lórí òkè, ẹni tí agbára rẹ̀ ń tán gbọ́dọ̀ ké sí ẹnìkejì rẹ̀ kí ó tó ṣubú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Náómì sọ ìkorò ọkàn rẹ̀ jáde, Rúùtù kò sì fi í sílẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé bí a bá dúró de ara wa, a ó pẹ́. Ìgbà tí ẹni ẹ̀yìn bá dé ni a tó dé.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé: (a) Ta ni a kò tíì rí nínú ẹgbẹ́ wa láti ìgbà ọdún ìkórè? (b) Ta ni yóò lọ sí ilé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ta ni yóò sì bá a lọ?

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí o fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ nítorí ọ̀kan, dá ẹsẹ̀ wa dúró níbi tí a bá ti ń sá jù. Jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́yìn. Kó gbogbo wa dé ilé pọ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.