Ọmọlúàbí àti Gbígba Ìdíje Bọ́ọ̀lù Lálejò: Láti Wembley dé Ìyànà Ìbà

Orílẹ̀-èdè tó bá gba ìdíje bọ́ọ̀lù ńlá lálejò ti di onílé. Òun ni yóò tún pápá ìṣeré ṣe, òun ni yóò wá ibi tí àlejò máa sùn, tí yóò la ọ̀nà tí wọn yóò gbà, tí yóò sì dáàbò bò wọ́n títí wọn yóò fi padà sílé láyọ̀. Yorùbá gbà pé ìwà onílé kì í fara sin níwájú àlejò. Nínú iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá gbé jáde lọ́dún 1975 lórí ìwàpẹ̀lẹ́, ó ka ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òtítọ́, ìwà, akínkanjú, iṣẹ́ àti ọpọlọ pípé mọ́ ohun tó ń sọ ènìyàn di ọmọlúàbí. Òṣùwọ̀n yìí náà ló yẹ kí wọ́n fi wọn orílẹ̀-èdè tó ń tọrọ ìdíje, yálà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lówó lọ́wọ́ ni o, tàbí Nàìjíríà tí ọ̀nà rẹ̀ gba Ọ̀jọ́, Ìyànà Ìbà àti Okokomaiko ní Èkó kọjá lọ sí ààlà ní Sèmè.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti fi òfin bọ́ọ̀lù òde òní lélẹ̀ lọ́dún 1863, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn ọkùnrin tíì wáyé níbẹ̀, lọ́dún 1966. Ìdíje náà dùn mọ́ wọn nínú, nítorí wọ́n na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní 4 sí 2 ní Wembley, wọ́n sì gba ife. Ṣùgbọ́n kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni ife náà ti sọnù mọ́ onílé lọ́wọ́: olè jí i gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta, ajá kan tó ń jẹ́ Pickles ló sì bá wọn rí i. Èyí tó burú ju olè lọ ni pé kò sí ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan nínú ìdíje náà. Àyè kan péré ni àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, FIFA, tí Stanley Rous ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ nígbà náà, yọ fún Áfíríkà, Éṣíà àti Oceania pa pọ̀. Ohene Djan ará Gánà wà lára àwọn tó ṣáájú nínú ìjà lòdì sí ìpín náà, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà sì fi ìdíje sílẹ̀ fún wọn. Ìpè tí kò ní ọ̀wọ̀ nínú, ọmọlúàbí kì í jẹ́ ẹ, nítorí ìtẹríba kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn gba ìwọ̀sí. Ìkọ̀sílẹ̀ náà so èso: lọ́dún 1970, Áfíríkà ní àyè tirẹ̀, Mòrókò ló sì lò ó.

Ní ti Nàìjíríà, nítorí Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ti oṣù kìíní ọdún 1973 ni wọ́n ṣe kọ́ pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, ní Èkó. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà wọ̀lú. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló wá, pápá méjì ni wọ́n sì lò: Sùúrùlérè, àti Liberty ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè báyìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé, Múdà Láwàl gbá ẹyọ kan, Nàìjíríà na Àlùjíríà ní 3 sí 0, Christian Chukwu sì gbé ife sókè. Ohun tí onílé ṣèlérí ló pèsè, kò sì ṣe ju agbára rẹ̀ lọ.

Àìṣòótọ́ ló kọ́kọ́ kó Nàìjíríà sí ìtìjú. Lọ́dún 1989, FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kan níbi Ìdíje Òlíḿpíìkì 1988 yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti kọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì. Ìdíje Àgbáyé Àwọn Ọ̀dọ́ ti ọdún 1991, tó yẹ kó wáyé ní Nàìjíríà, di ti Portugal, Luís Figo àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ife náà ní Lisbon níwájú àwọn èèyàn tiwọn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rí bíbu ọjọ́ orí bí ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n kí àjèjì tó jìyà rẹ̀, ọmọ ilé ló ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún 16 tó ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ ní Ọ̀jọ́ ló pàdánù àyè rẹ̀ fún àgbàlagbà tó fi ọjọ́ orí ọmọdé bora. Ẹni tó purọ́ ọjọ́ orí ti ja ẹlòmíràn lólè.

Lọ́dún 1995, ọ̀rọ̀ náà tún ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ kan náà ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ nígbà tí FIFA gbé e kúrò ní Nàìjíríà lọ sí Qatar, wọ́n ní àrùn onígbá-méjì àti àrùn yírùnyírùn wà nílùú. Bí ó bá jẹ́ pé omi mímu tó mọ́ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ti kárí àwọn ará ilé ni, kò sẹ́ni tí ìbá fi àrùn kọ ìpè náà. Nàìjíríà kò sá fún ìtìjú yìí. Ó tún padà tọrọ, wọ́n sì fún un lọ́dún 1999. Ní Sùúrùlérè ni Sípéènì, tí Xavi àti Iker Casillas wà nínú rẹ̀, ti na Jàpáánì ní 4 sí 0 ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún náà, ó ku bí oṣù kan kí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Lọ́dún 2000, Zimbabwe kò lè gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà lálejò mọ́, Nàìjíríà àti Gánà sì dìde gbà á láàárín àkókò kúkúrú. Akínkanjú nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kamẹrúùnù ló fi pẹ́nárítì gba ife mọ́ onílé lójú. Nígbà tí ìdíje àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ sì wọlé lọ́dún 2009, tó dé Èkó àti Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ ni FIFA ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wò láti mọ ọjọ́ orí wọn. Níbi tí òtítọ́ ẹnu kò bá tó mọ́, ẹ̀rọ ni yóò máa bá eegun sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ àìṣòótọ́ kò mọ sí Nàìjíríà nìkan. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 2010, FIFA dìbò ní Zurich lórí ẹni tí yóò gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2018 lálejò. Ìbò méjì péré ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí nínú 22, Rọ́ṣíà ló sì borí. Ìbò 24 ló yẹ kó wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá méjì nínú àwọn olùdìbò dúró. Amos Adamu láti Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: àwọn akọ̀ròyìn Sunday Times ti díbọ́n bí oníṣòwò lọ bá a, ó sì béèrè owó tí wọn yóò fi ṣe pápá ìṣeré sí Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ FIFA fòfin dè é fún ọdún mẹ́ta, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà lọ́dún 2012. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pariwo pé wọ́n dalẹ̀ àwọn. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí FIFA gbé jáde lọ́dún 2014 sọ pé ikọ̀ tiwọn náà ti fi 55,000 dọ́là ṣonígbọ̀wọ́ àsè fún àjọ bọ́ọ̀lù àwọn erékùṣù Kàríbíà láti wá ojúrere Jack Warner, ọ̀kan nínú àwọn olùdìbò. Ẹni tó na owó sórí àsè nítorí ìbò kò ní ẹnu láti bú ẹni tó béèrè owó pápá. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọmọlúàbí kì í fi rìbá yọ ọ́.

Ìkóra-ẹni-níjàánu tún jẹ́ ara ìwà tí ìdíje fi ń dán onílé wò. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2021, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì pàdé nínú àṣekágbá ìdíje Yúróòpù ní Wembley. Ogunlọ́gọ̀ tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì ya wọ inú pápá, ìwádìí tí Louise Casey darí sì fi hàn pé wọ́n tó nǹkan bí 2,000. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún àwọn aláàbọ̀ ara wà lára ibi tí wọ́n fipá gbà wọlé. Lẹ́yìn tí Ítálì fi pẹ́nárítì borí, èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà dà lé Marcus Rashford, Jadon Sancho àti Bùkáyọ̀ Sàká lórí, nítorí wọ́n pàdánù pẹ́nárítì tiwọn. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni Sàká, ọmọ ọdún 19 ni lọ́jọ́ náà, òun ló sì gba pẹ́nárítì ìkẹyìn. Àwọn tó ń bú u ti bá a yọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń borí kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Ẹni tó ń yọ̀ mọ́ ọmọ nígbà tó bá jẹ, tó sì kọ̀ ọ́ lọ́mọ nígbà tó bá pàdánù, kò ní inú rere. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, bu owó ìtanràn lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ní kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láìsí èrò ìwòran.

Kò pé ọdún kan tí irú rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀ ní Abuja. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2022, Gánà bá Nàìjíríà ta ọ̀mì 1 sí 1, Nàìjíríà sì pàdánù Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti Qatar. Àwọn èrò já wọ pápá, wọ́n ba ìjókòó jẹ́, ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Dókítà Joseph Kabungo ará Zambia, tó wá ṣe àyẹ̀wò oògùn olóró, kú lálẹ́ ọjọ́ náà. FIFA bu 150,000 Swiss franc lé Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ojú Nàìjíríà wá rí ti àlejò: Líbíà fi Super Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Al-Abraq mọ́jú, láìsí oúnjẹ. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, dá Líbíà lẹ́bi, wọ́n sì fún Nàìjíríà ní ayò 3 sí òdo. Ìdájọ́ náà tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí Abuja kò ní fi igbe Líbíà bo tilé mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ni òṣùwọ̀n tó kù, ibi ìtọ́jú ohun tí wọ́n ti kọ́ ló sì ti ń hàn. Sùúrùlérè tó gbàlejò lọ́dún 1980, 1999 àti 2000 di ahoro lẹ́yìn tí àlejò lọ: koríko hù, ìjókòó fọ́, ọlọ́jà sì tẹ́ ìsọ̀ sí àyíká rẹ̀. Lọ́dún 2023, Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ jọ tọrọ Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ti ọdún 2027. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ni CAF kéde pé Kenya, Uganda àti Tanzania ló ni í.

Bí wọ́n bá ti fún wọn ni, ọ̀nà tí ìbá so onílé méjèèjì pọ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, tó gba iwájú Alábà, Ìyànà Ìbà àti Okokomaiko lọ sí Sèmè àti Kùtọnu. Lọ́dún 2009, ọdún tí ìdíje àwọn ọmọdé wáyé, ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ ọ̀nà náà di onílà mẹ́wàá, kí reluwé sì gba àárín rẹ̀. Ìlà reluwé náà yóò jẹ́ kìlómítà 27 láti Marina dé Okokomaiko. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, Mile 2 ló sì ń dé, kìlómítà 13. Ará Okokomaiko tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Sùúrùlérè ṣì ní láti kọ́kọ́ wọ dánfó kọjá Ìyànà Ìbà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) tó ní ìdánwò láàárọ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe òun lálejò. Ó kàn fẹ́ dé iléèwé lásìkò ni.

Ní agbègbè kan náà, àwọn onílé bọ́ọ̀lù kan wà tí FIFA kò mọ̀. Àwọn ni onílé ìwòran bọ́ọ̀lù: bẹ́ǹṣì onípákó, tapólì lórí, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n rà ní Alábà, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, àti pátákó tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjì àti owó ìwọlé sí. Ẹni tó ń ṣe Arsenal àti ẹni tó ń ṣe Chelsea jọ jókòó. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ariwo á ta: "Owó wa dà?" Onílé tó mọ̀wàhù á dá owó padà, tàbí kó ní kí wọ́n wá wo ti ọ̀la lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí kò mọ̀wàhù á ti ilẹ̀kùn. Bí awuyewuye bá bẹ́ sílẹ̀, onílé rere á là wọ́n, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀, bọ́ọ̀lù lásán ni." Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, á din ohùn tẹlifíṣọ̀n kù nítorí àwọn tó ń sùn. Òtítọ́, inú rere, ọ̀rọ̀ sísọ àti ọ̀wọ̀ fún aládùúgbò ló pé sí abẹ́ tapólì yẹn.

Ìdíje mìíràn ń bọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland, Wales àti Ireland ni yóò jọ gba ìdíje Yúróòpù lálejò lọ́dún 2028; owó àti pápá kò wọ́n wọn, ẹnu ọ̀nà Wembley àti ẹnu àwọn olólùfẹ́ wọn ni iṣẹ́ wà. Nàìjíríà náà yóò tún tọrọ lọ́jọ́ kan. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ìjọba jẹ́ kí reluwé dé Okokomaiko, kí ọ̀nà dán dé Sèmè, kí àwọn alábòójútó bọ́ọ̀lù kọ ọjọ́ ìbí ọmọ bí ìyá rẹ̀ ṣe bí i, kí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sì gba ìpàdánù láìfọ́ àga. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde: orílẹ̀-èdè tó bá hùwà ọmọlúàbí sí ará Ọ̀jọ́ àti Ìbà ló lè hù ú sí àlejò.